Bàámi, Ẹ Jẹ́ Kí Ilẹ̀ Náà Sinmi

Bàámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú oko, ẹ kú ìtọ́jú Màámi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Òháyò níbí, níbi tí yìnyín ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Sìdí, sọ fún mi lórí fóònù pé òun kò ní wá sí Ìwó fún Iléyá tọdún yìí. Ó dùn mí gan-an, òun ló sì jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́nu iṣẹ́ ná.

Ẹ rántí pé ẹ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ pé koríko ni mo ń tọ́jú. Ẹ ní ṣé torí pé n kò fẹ́ ro oko Kútà mọ́ ni mo ṣe sọdá òkun lọ máa bomi rin koríko. Òótọ́ ni, Bàámi. Koríko iwájú ilé níbí, bí ọmọ tuntun ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀tá rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní koríko alákàn, torí ó máa ń na ẹsẹ̀ káàkiri ilẹ̀. Ní Kútà, a máa ń rí èpò kí a tó fín kẹ́míkà. Tibí yàtọ̀. Oògùn tí a ń fín sílẹ̀ níbí kì í pa èpò tó ti yọ. Ìgbà tí èpò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ hù ló ń mú un. Bí a bá tètè fín in jù, agbára oògùn á ti tán kí èpò tó jí. Bí a bá pẹ́ jù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nítorí náà, bí òtútù bá ti ń parí, ọ̀gá mi máa ń ki irin kan bọlẹ̀ láràárọ̀ láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti ń gbóná. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹ̀yin ni mo rántí, bí ẹ ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí ebè kí ẹ tó ní ká gbin àgbàdo.

Lọ́dún tó kọjá, a fín oògùn náà lásìkò gan-an nílé ìyá arúgbó kan. Nígbà tí mo padà lọ gé koríko, mo rí i pé ilẹ̀ etí ọ̀nà rẹ̀ ti le gbagidi. Ọmọ àgbẹ̀ kì í rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó káwọ́ gbera. Mo wá ọkọ́, mo tú u, mo tẹ́ ẹ dáadáa, inú mi sì dùn. Nígbà tí ooru dé, gbogbo ibẹ̀ mọ́, àfi ibi tí mo tú. Koríko alákàn tò síbẹ̀ bí ẹni pé mo gbìn ín ni. Ọ̀gá mi kò tilẹ̀ pariwo. Ó ní oògùn náà ti tẹ́ bí ẹní sórí ilẹ̀, èmi ni mo fi ọkọ́ ya á. Ojú tì mí púpọ̀.

Bàámi, bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yín ní Olúpọ̀nnà ṣe rí nìyẹn. Àǹtí Sìdí ṣẹ̀. Ó yọ̀ǹda ilẹ̀ yín fún ẹbí ọkọ rẹ̀ láì bi yín. Ṣùgbọ́n ó ti kúnlẹ̀, Álífáà ti bá wa parí rẹ̀ ní Iléyá èṣí kí ìbínú tó di ìkórìíra, ẹ sì ti fi ẹnu ara yín sọ pé ẹ ti dárí jì í. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá wá kí yín, ẹ máa ń bi í pé ilẹ̀ ta ló tún kù tó fẹ́ fún wọn. Mo mọ̀ pé àwàdà lẹ pè é. Ó ní òun máa ń sunkún láti Ìwó dé ilé ọkọ òun ní Ilé-Ogbó.

N kò tó ẹni tí í kọ́ yín níṣẹ́ ilẹ̀. Ọwọ́ tí kì í lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ yìí, lára yín ni mo ti jogún rẹ̀. Lánàá mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá arúgbó yẹn, mo sì ki ọwọ́ méjèèjì bàpò. Èmi nìkan ni mo ń dá jẹ ẹran Iléyá níbí, mo mọ bó ṣe máa ń rí lẹ́nu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe Àǹtí Sìdí fúnra yín. Ẹ béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ béèrè ara rẹ̀, ẹ ní ẹ ń retí rẹ̀. Ẹ má dárúkọ Olúpọ̀nnà.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ara líle. Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ kí Álífáà, ẹ kí gbogbo ará agboolé. Ọdún tí mo bá dé, kí n bá gbogbo wa nídìí àwo kan náà.

Èmi ni ọmọ yín,
Látíìfù