Ṣòkòtò Tísà àti Áàpù Mẹ́ta

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Irọ́ ni wọ́n pa fún ọ. N kò fi òòlù fọ́ kọ̀ǹpútà tí o rà sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ màmá rẹ. Mo kàn gbé e sínú àpótí, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ìyẹn kì í ṣe fífọ́. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Ara màmá rẹ le, inú rẹ̀ ni kò dùn. Lóòótọ́, ọdún mẹ́rin péré ni mo fi jù ọ́ lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú, èmi ni bàbá rẹ, ọ̀rọ̀ bàbá lo sì ń kà yìí.

O ní áàpù kan ṣoṣo tí yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ máa pẹ́ kí o tó kọ ọ́ tán, o wá ra mẹ́ta lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́ta, o so wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ń kọ orúkọ oníbàárà, ọ̀kan ń tọ́jú ìwọ̀n ara wọn, ọ̀kan ń ránṣẹ́ sí wọn pé aṣọ ti ṣe tán. Ṣùgbọ́n áàpù ìwọ̀n kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà fóònù ló mọ̀, fóònù kan ṣoṣo sì ni Tísà àti ìyàwó rẹ̀ ní! Bí màmá rẹ ṣe gé ṣòkòtò Tísà sí ìwọ̀n ìdí ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Ó rí i pé ìdí náà pọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ lo ní kí ó yé fi ojú wọn nǹkan, ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ ni kí ó gbà. Tísà fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, ó fi èkejì kọ ìṣirò sójú pátákó, ó sì ń ṣàlàyé fún kíláàsì pé ìwọ̀n ìdí ìyàwó òun ni wọ́n fi gé e.

Mo pe ilé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkọ́kọ́ ní ẹ̀bi èkejì ni, èkejì ní ẹ̀bi ẹ̀kẹta ni. Obìnrin tó gbé fóònù ti ẹ̀kẹta ń sọ ṣáá pé ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn. Mo dúpẹ́, mo kí àwọn ará ilé rẹ̀, ó tún sọ ọ́, mo tún dúpẹ́, títí fóònù fi kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wá ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pé kí wọ́n wá jókòó lọ́jọ́ Sátidé kí a tú ọ̀rọ̀ náà wò. Mo gbé àga mẹ́ta síta, mo nù wọ́n. Ẹnì kan kò yọjú! Irú ìwà wo nìyẹn?

Ọ̀pọ̀ ló dúró tì mí lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yìí. Alágbàfọ̀ wà lẹ́yìn mi. Kápẹ́ńtà wà lẹ́yìn mi. Tísà náà wà níbẹ̀, títí ìyàwó rẹ̀ fi gbọ́ pé gbogbo kíláàsì ti mọ ìwọ̀n ìdí òun; ilé ló wà báyìí tó ń bẹ̀bẹ̀. N kò kà á mọ́ wọn mọ́.

Màmá rẹ ní bí oṣù yìí bá parí, òun yóò ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, ṣọ́ọ̀bù tó rán ọ níwèé! Ìwọ sì ní o fẹ́ ra áàpù kẹrin tí yóò máa la mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níjà. Bí ìyàwó mẹ́ta bá ń jà, ṣé ìyàwó kẹrin la fi ń parí ẹ̀?

Má rà á. Fi owó rẹ̀ wọ mọ́tò wá sílé, kí o sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, torí owó ìpè tí mo fi dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn kò kéré. Jókòó ti màmá rẹ nídìí tábìlì, wo bí ó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀: orúkọ, ìwọ̀n, ọjọ́ tí aṣọ yóò jáde, ojú ewé kan náà ni nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Kọ áàpù kan bẹ́ẹ̀. Bó pẹ́, kó pẹ́. Ọdún méje ni ìwé rẹ gbà, màmá rẹ dúró.

Mo ti gbé àga méjì wọlé. Ọ̀kan ṣì wà níta, ìwọ ni mo fi í dè. Ọlọ́run yóò mú ẹsẹ̀ rẹ délé láyọ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ kékeré