Ẹni Tó Ni Ṣingọ́ọ̀mù Kànáfùrù

                                        Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Quarry,
                                        Pruitt Falls,
                                        Ohio.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 1926.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Anselm,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Saint Louis? Hulda ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé orí tó máa ń fọ́ ọ ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ńkọ́, pàápàá èyí tí ẹ fi orúkọ Màmá sọ? Iṣẹ́ rélùwéè ńkọ́? Mo gbọ́ pé òjò yín pọ̀ lọ́dún yìí, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí omi odò má wọlé tọ̀ yín wá. Ní tiwa, ara wa le. Igi ápù ẹ̀yìnkùlé so débi pé ẹ̀ka kan ya. Rufus ọkọ mi ní kí n kí ọ, ó ní o jẹ òun ní ìgbà kan tí ẹ ó jọ lọ pẹja.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o ra ṣingọ́ọ̀mù kànáfùrù ní ibùdókọ̀ rélùwéè, bí o ṣe ń jẹ ẹ́ ni omi bọ́ lójú rẹ, torí adùn ilé ìdáná Màmá gan-an ni. O wá yí bébà rẹ̀ wò, o rí “Orúkọ ẹni tó ṣe é: Orville Sneddon.” O bi mí pé báwo ló ṣe jẹ́. Anselm, wá ibi kan jókòó. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú, ó sì ti tó àkókò kí n sọ ọ́ jáde.

O rántí pé nígbà tí a wà ní kékeré, ìda lásán ni àwọn ọmọ ìlú yìí ń jẹ lẹ́nu, kò dùn, kò sì kan. Ìgbà tí eyín ń dà Bàbá láàmú ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Kànáfùrù ni wọ́n máa ń ki bọ eyín tó bá ń dunni, ṣùgbọ́n Bàbá máa ń tu ú dànù, ó ní ó ń ta òun lẹ́nu bí ata. Màmá wá ra oje igi tó ń ti Mẹ́síkò wá ní ṣọ́ọ̀bù Sneddon apòògùn, ó yọ́ ọ pẹ̀lú ṣúgà, ó sì kán òróró kànáfùrù sí i. Ìkòkò àkọ́kọ́ korò. Ẹ̀ẹ̀kejì mú kí ahọ́n gbogbo wa kú títí di ọjọ́ kejì. Ìwọ alára sunkún, o ní o ò ní ahọ́n mọ́.

Nígbà tó yá, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Àṣírí rẹ̀ kò sí nínú ohun tó ń fi sí i, bí kò ṣe nínú ìgbà tó ń fi í sí i. Bí o bá kán òróró náà nígbà tí ìkòkò ṣì wà lórí iná, adùn rẹ̀ á bá èéfín lọ, kíkorò nìkan ni yóò kù. Ńṣe ni Màmá máa ń gbé ìkòkò kúrò lórí iná, tí á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá lè ka ení títí dé ẹẹ́wàá kí ó tó jó o, àsìkò ti tó nìyẹn. Á kán ogún ẹ̀kán, á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lórí tábìlì tí ó ti bu ìyẹ̀fun ṣúgà sí, á sì fi ọ̀bẹ gé e tà fáwọn ará ìlú. Àtẹ́lẹwọ́ Màmá ni ṣingọ́ọ̀mù yẹn, Anselm. Kò sí ìwé kankan tí a kọ ọ́ sí.

Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí o lọ sí Saint Louis, lẹ́yìn tí Bàbá ti kú, ni òtútù àyà dá Màmá dùbúlẹ̀. Àwọn oníbàárà ń bèèrè, kò lè dìde. Sneddon wá kí i, pẹ̀lú ọbẹ̀ adìyẹ nínú àwo, ó ní, “Màmá Gantz, ẹ jẹ́ kí n bá yín sè é kí ọjà má bàa bọ́. Ẹ ṣáà fi hàn mí.” Díákónì ni, olùkọ́ ọmọ ìjọ ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. Màmá dìde lórí ibùsùn, ó fi hàn án. Mo wà níbẹ̀. Mo rí i bí ó ṣe di ọwọ́ Sneddon mú, tó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, tí wọ́n jọ ń ka ení. Kí àìsàn náà tó lọ, Sneddon ti fi ṣingọ́ọ̀mù náà sí orúkọ ara rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Columbus. Nígbà tí Màmá lọ bá a, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó ní kí ló dé, ṣé ẹnikẹ́ni lè ni kànáfùrù ni? Màmá kò jà. Ó wálé, ó fọ ìkòkò, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, kò sì tún sè é mọ́ títí ó fi kú.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìjọba fi òfin de ọtí, ibẹ̀ sì ni ọlà Sneddon ti yọjú. O mọ̀ pé àwo kànáfùrù kì í wọ́n lórí káńtà ilé ọtí láyé àtijọ́, kí ọkùnrin lè jẹ ẹ́ kí ó tó lọ bá ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ti ilé ọtí, wọ́n kò ti ọ̀fun ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń mu ún nínú àjà ilẹ̀ àti ní ẹ̀yìn abà ṣì nílò ohun tí wọn ó fi bo ẹnu. Ẹ̀rín pa mí, ó sì tún bí mi nínú, nígbà tí ẹgbẹ́ wa, Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Tó Kọ Ọtí, pinnu pé ọkùnrin tó bá ní nǹkan dídùn lẹ́nu kò ní rántí ọtí. Páálí-páálí ni a ń ra ṣingọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ Sneddon, tí a ń pín in fáwọn ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa tí a so rìbọ́nnì funfun mọ́ àyà ni a ń fún àwọn ọ̀mùtí ní ìbòjú! Sneddon mọ̀, ó ń kí wa pé a kú iṣẹ́ Olúwa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, èmi náà sì mọ̀, torí pé gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ẹnu Rufus ń rùn bí ilé oògùn. Ṣùgbọ́n mo dákẹ́.

Ohun tó là mí lẹ́nu ni ìwé ìròyìn ìlú wa ti oṣù Kẹjọ. Sneddon kọ ìtàn ṣingọ́ọ̀mù kànáfùrù sínú rẹ̀, ojú ewé kan gbáko. Ó ní òun ń gbàdúrà lọ́wọ́ ni ìmọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀. Ó ní opó tálákà kan wà tó máa ń bá òun fọ ìkòkò, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Anselm, ó dùn mí dé akínyẹmí ara. Màmá! Ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú! Adìyẹ dà mí lóògùn nù, mo búra pé n ó fọ́ ọ lẹ́yin.

Ní ìpàdé ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dìde. Ìyá Lathrop, ààrẹ wa, ìyàwó adájọ́, rò pé àkọsílẹ̀ ìpàdé ni mo fẹ́ kà. Mo ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ọjọ́ wo ni ẹnu ọkọ yín máa ń rùn bíi kànáfùrù? Ṣé ọjọ́ tó tètè wálé ni, àbí ọjọ́ tó pẹ́?”

Obìnrin kan níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka nǹkan. Ojú Ìyá Lathrop pọ́n, ó ní, “Thirza, Adájọ́ ń jẹ ẹ́ nítorí inú tó ń rú u ni o.”

Mo ní, “Ẹ kú ìtọ́jú, mà. Ṣé gbogbo ọjọ́ Sátidé ni inú náà ń rú?”

Ó tán nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, òórùn kànáfùrù ti di ìjẹ́wọ́. Wọ́n lé ọkùnrin mẹ́rin sùn sí abà. Àlùbọ́sà ni wọ́n ń jẹ báyìí, ìlú ń rùn. Kò sí ẹni tó jẹ́ kí wọ́n bá ṣingọ́ọ̀mù Sneddon lápò òun mọ́, àwọn ìlú tó yí wa ká náà sì ti gbọ́. Mo ń sùn dáadáa. Pásítọ̀ ní kí n dárí jì í. Mo ní n ó gbàdúrà sí i, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà á.

Sneddon wá ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó di fìlà rẹ̀ mú mọ́ àyà. Ó ní òun ti ní kí obìnrin mọ́kànlá tó ń bá òun wé ṣingọ́ọ̀mù lọ jókòó sílé. Tàwọn yẹn dùn mí, mi ò ní purọ́. Ó ní kí n lọ sọ fún ẹgbẹ́ pé mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ, òun á sì tẹ orúkọ Màmá sára bébà rẹ̀, gàdàgbà.

Mo ní, “Ọ̀gbẹ́ni Sneddon, ìgbà tó ń tà, tiyín ni; ìgbà tó di ìtìjú, ti ìyá mi. Ẹ gbádùn o. Ìwé ìròyìn tí ẹ fi purọ́ ni kí ẹ fi sọ òótọ́. Ẹ kọ ẹni tó ṣe é, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà la ó tó sọ̀rọ̀.”

Ó gbé fìlà rẹ̀ dé. Ó ní, “Ohun tí o fẹ́ nìyẹn? O ó rí i.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ní ọjọ́ Ẹtì. Mo kà á lórí ìdúró ní ẹnu ọ̀nà: “Èmi Orville Sneddon kò dá ṣingọ́ọ̀mù kànáfùrù sílẹ̀. Olóògbé Magdalena Gantz ló ṣe é, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun ló sì kọ́ mi. Bí ọkọ ẹnikẹ́ni bá ń fi í bo òórùn ọtí, kí ó mọ ẹni tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Tó Kọ Ọtí.” Ó buwọ́ lù ú.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ìyá Lathrop kan ilẹ̀kùn wa. Ó ní, “Bọ́ rìbọ́nnì yẹn fún mi. Ọmọ ẹni tó dáṣọ bo àwọn ọ̀mùtí kò lè jẹ́ akọ̀wé wa.” Mo bọ́ ọ. Mo ní kó bá mi kí Adájọ́, pẹ̀lú inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún. Wọ́n ń fi Màmá ṣe ẹ̀fẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, èmi ni mo sì fà á.

Rufus ló mú ìwé ìròyìn náà nílẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Thirza, ìwọ náà wò ó. Ṣé ọkùnrin yìí mọ ohun tó fọwọ́ sí báyìí?” A gbé e lọ bá lọ́yà kan lánàá. Lọ́yà náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní ìbínú kì í jẹ́ kí apòògùn ka ohun tó kọ. Sneddon ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé kì í ṣe tòun. Ọ̀la ni a ń lọ sí Columbus láti lọ gba orúkọ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ sì ni ẹlẹ́rìí wa. Ẹ̀rọ tó fi ń ṣe ṣingọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn obìnrin mọ́kànlá náà ń retí iṣẹ́. Bí ó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ náà tún yí, á wá gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni yóò gbà wọlé. N ó jẹ́ kó dúró, ó kéré tán títí n ó fi ka ení dé ẹgbẹ̀rún.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ọ̀mùtí ni orúkọ Màmá máa gbà padà wálé, ẹnu ọ̀mùtí náà ni kó gbà. Mo gé ojú ewé ìwé ìròyìn náà sínú lẹ́tà yìí. Má tọ́jú rẹ̀ pamọ́ o. Lẹ̀ ẹ́ sí ibi tí àwọn ọmọ yóò ti máa rí i.

Bá mi kí Hulda, kí o fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Bí ẹnikẹ́ni ní ibùdókọ̀ bá bi ọ́ léèrè ẹni tó ni ṣingọ́ọ̀mù kànáfùrù, má ṣojo.

Èmi ni tìrẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò ní rìbọ́nnì mọ́,

Thirza, ọmọ Magdalena Gantz.