Àwọn Ẹja Rẹ Ti Ń Jáde

Ọmọ mi, Ìyá Kékeré,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣírò owó tí o fi ránṣẹ́, kí ọkàn mi lè fúyẹ́ díẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló wọlé. Oúnjẹ ẹja gba ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀, agolo rẹ̀ kò sì tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Iná gba ẹgbẹ̀rún méjì, ìkòkò amọ̀ kékeré méjì gba ẹgbẹ̀rún kan, awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù náà gba ẹgbẹ̀rún kan. Mo ra káàdì ìpè ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, kò sì tíì dín rárá, nítorí pé ìpè tí ẹnìkan ò gbé kì í jẹ owó. Látìgbà tí mo ti ń ṣọ́ owó ná, èrè yìí nìkan ni kò dùn mọ́ mi. Ó ku ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ́wọ́ mi.

Wàyí o, ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé o ń rí oorun sùn? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, kí ó má gbé ẹrù tó ju ọrùn rẹ lọ lé ọ lórí. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, kí o lè mọ̀ pé òun ló ń kí ọ.

Báńkì kọ̀wé sórí fóònù mi pé owó rẹ ti dé. Mo dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀, mo dúpẹ́, mo kí gbogbo ilé wọn, mo wá bèèrè pé nígbà tí ọmọbìnrin náà wá san owó yìí, báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí, ṣé ó rù? Wọn ò fèsì títí di òní. Bóyá ẹni tó rí ọ kò sí lórí ìjókòó lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹja ló fẹ́ gba ẹ̀mí mi. Nígbà tí awakọ̀ gbé àpótí gíláàsì tí o fi ń sin ẹja dé pẹ̀lú ẹja mẹ́fà nínú rẹ̀, tí o ní yàrá tuntun tí o kó sí kò gbà á, mo gbé e sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, kí ojú mi lè máa tó wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn wọ abẹ́ àfọ́kù ìkòkò tí o fi sínú omi, wọn ò jáde. Mo rò pé òkùnkùn ló ń dẹ́rù bà wọ́n, mo tan gílóòbù lé wọn lórí tọ̀sán tòru. Wọ́n tún wọlé sí i. Mo wá ń kan gíláàsì náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń kó àwọn oníbàárà rẹ̀ wá wò wọ́n, ó ń bi mí pé ṣé àwọn ẹja yìí jẹ èèyàn lówó ni tí wọ́n fi ń sá pamọ́, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ kékeré tó ń hó nínú omi ńkọ́? Mo máa ń pa á tí a bá fẹ́ sùn, kí òun náà lè sinmi, kí owó gílóòbù lè jáde lára rẹ̀. Àṣé òun ló ń bá wọn mí. Ìyá rẹ ló bá wọn lójú omi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ń yanu, ó tan án, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ owó iná mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo rán awakọ̀ sí ọ ní ọ́fíìsì pẹ̀lú búláòsì tí mo rán fún ọ. Ó gbé e padà wá. Ó ní ẹni tó ń ṣọ́ géètì sọ pé ó ti tó oṣù méjì tí wọ́n ti rí ọ níbẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó dá búláòsì padà, kò dá owó padà, ó ní àlọ ni mo san fún, òun sì lọ. Mo pè ọ́ títí fóònù fi gbóná lọ́wọ́ mi. Inú bí mi, mo jókòó síwájú gíláàsì, mo ní ẹni tí mo bá ń bọ́, ó yẹ kí n rí ojú rẹ̀. Mo kó àfọ́kù ìkòkò àti gbogbo òkúta kúrò nínú omi.

Wọ́n sá jọ sí igun kan, wọ́n ń gun ara wọn, àwọ̀ wọn ṣí, wọn ò fẹnu kan oúnjẹ mọ́. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo ní ohun kan ṣoṣo tí ọmọ yìí fi lé mi lọ́wọ́ ló fẹ́ kú yìí.

Ìyá rẹ wò mí, ó ní, "Baálé mi, tí wọ́n bá yọ ilẹ̀kùn yàrá yín, ṣé pálọ̀ lẹ máa wá jókòó sí?"

Ó dá àfọ́kù ìkòkò padà, ó fi tuntun méjì kún un. Ó kó àgékù aṣọ dúdú lábẹ́ ẹ̀rọ mi, ó fi bo ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ gíláàsì. Ó já ojúoró ní odò, ó tẹ́ ẹ sójú omi, ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ó yọ gílóòbù. Ó sọ fún onígbàjámọ̀ pé ìran ti parí, ó wá ní kí èmi náà kọjú sí ìránṣọ mi.

Mo rò pé a ò ní rí wọn mọ́ láé, níwọ̀n ìgbà tí ibi ìsápamọ́ ti di mẹ́ta. Bí mo ṣe ń fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan, mo fẹ̀gbẹ́ ojú rí ọ̀kan. Ó jáde, ó dúró láàárín omi, ó padà lọ wò bóyá ilé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó tún jáde. Ní báyìí, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń rìn káàkiri níṣojú wa, bí ẹ̀rọ mi tilẹ̀ ń pariwo. Bí ibi tí wọ́n lè sá sí ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jáde sí i. Mo ti ṣe ìṣirò yẹn lọ́nà méjì, kò yé mi, ṣùgbọ́n ojú mi ló rí i.

Ìdí nìyẹn tí o ò fi rí ìpè mi láti ọjọ́ Àìkú. Kì í ṣe ìbínú. Mo ti gbá yàrá rẹ, mo ti rán aṣọ dúdú sójú fèrèsé. Káfíńtà ti fi irin tí a fi ń tilẹ̀kùn síbẹ̀, inú nìkan ló wà, kò sí níta. Mo sọ fún onígbàjámọ̀ pé o lè wá wo ẹja rẹ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, a ó gbọ́. Bí o ò bá fẹ́, oúnjẹ á máa wà lẹ́nu ọ̀nà. Awakọ̀ ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, ilé tó ti gbé gíláàsì náà ló ń lọ. Mo ní kó má kan ilẹ̀kùn, kó ti ìwé náà gba abẹ́ rẹ̀.

O mọ̀ pé ìparí lẹ́tà ni mo ti máa ń bèèrè owó. Mi ò bèèrè lọ́tẹ̀ yìí, mi ò sì bèèrè ibi tí o ti rí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yẹn. Ọlọ́run á sin ọ́ délé láìfẹsẹ̀kọ.

Ó wá ku káfíńtà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, mo fún un ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tó kù lọ́wọ́ mi. Ó ní òun á wá gba ìyókù lọ́jọ́ tí òun bá gbọ́ pé ẹnìkan ti ilẹ̀kùn náà láti inú. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀. Bí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ, ìwọ ṣáà máa bọ̀, a ó jọ jẹ gbèsè náà.

Bàbá rẹ