Ẹ̀rọ Tí O Fi Ránṣẹ́ Láti Jí Ọ̀lẹ

Zulaykho ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń ránṣọ níbẹ̀ kò dààmú rẹ? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ ní ìlú ńlá Dushanbe, o ò ní yọ̀ ṣubú lórí omi dídì, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kò ní gún ọ lọ́wọ́. Kí o tó ka ibi kankan síwájú, kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn ọmọ rẹ méjèèjì wà láàyè, wọ́n ń jẹun, Shodmon sì ń dá mi lóhùn bí ẹni pé òun ló bí mi. Mo ní kí Tíṣà Gulsifat kọ ìyẹn síwájú nítorí mo mọ̀ ọ́, bí lẹ́tà bá ti gùn, àyà rẹ á ti já kí o tó kà á dé ìdí. Tíṣà ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn kankan kún un.

Yìnyín dí ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là á. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan kú. Fóònù tí o rà fún mi kò dún mọ́. Mo rò pé òtútù mú un, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn fún un, mo sì tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tíì, síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Tíṣà ní òpó fóònù ló wó lórí òkè. Mi ò tíì bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà o, ìbọ̀sẹ̀ ò pa ẹnikẹ́ni rí.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an nìyí. Ìgbà tí fóònù yẹn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ò ń sunkún. O ní ọmọ ẹnìkan níbi iṣẹ́ yín ti wọ ọsibítù nítorí òtútù àyà, o ní kí n má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tútù kan àwọn ọmọ rẹ rárá, pé bí o bá gbọ́ pé ẹnì kan húkọ́, wàá wá kó wọn lọ sí yàrá tí ẹ̀yin obìnrin mẹ́rin ń gbé. Ó dùn mí. Ọmọ márùn-ún ni mo tọ́ nínú ilé yìí, òtútù kò mú ìkankan lọ. Ṣùgbọ́n bí o ṣe dákẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo po ìyẹ̀fun mọ́ omi, mo fi lẹ aṣọ mọ́ etí gbogbo fèrèsé. Ihò tí bàbá rẹ dá sí abẹ́ òrùlé nígbà tó ń kọ́lé, mo ki ẹ̀wù òtútù rẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo ní kí òkú náà ṣì wúlò díẹ̀ nínú ilé.

Mo wá gbé tábìlì ẹyinná kalẹ̀ níbi tí o mọ̀ ọ́n sí: ẹyinná nínú ihò nísàlẹ̀, tábìlì lórí rẹ̀, kúbùsù olówùú lórí tábìlì, ẹsẹ̀ gbogbo wa lábẹ́ kúbùsù. Ilé gbóná bí inú ààrò búrẹ́dì. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ ya ọ̀lẹ. Farzona á sùn sórí ìwé lọ́sàn-án gangan, á ní orí ń fọ́ òun. Mo ní orí gbogbo ẹni tó bá kórìíra ìṣirò ló ń fọ́, mo sì fún un ní ìgbálẹ̀. Shodmon bì lẹ́ẹ̀mejì, mo ní èso gbígbẹ tó jí jẹ ni. Orí èmi náà ń fọ́, ṣùgbọ́n mo ka ìyẹn sí ti ọjọ́ orí.

Nozim awakọ̀ ti gbé páálí tí o fi ránṣẹ́ wá kí ọ̀nà tó dí. Ó ní o ní kí n gbé ẹ̀rọ inú rẹ̀ kọ́ ara ògiri. Mo bi í pé kí ni nǹkan ọ̀hún ń ṣe, ó ní ọkọ̀ lòun ń wà, òun kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé inú páálí kì í ṣe èdè wa, Farzona kò lè kà á, òun náà ló kàn fa ìrù pélébé kan yọ níbi tí bátìrì wà lára ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n àwòrán wà níbẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, ọkùnrin kan sùn gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Nínú ìkejì, ẹ̀rọ náà ń ké. Nínú ìkẹta, ọkùnrin náà ti dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ síta. Kíá ló yé mi. Ohun tí àwọn ará ìlú ńlá fi ń jí ọ̀lẹ ni. Mo ní ọmọ mi lọ́pọlọ. Ti ògiri tí Nozim wí kò wọ̀ mí létí, ògiri kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo fi í sínú àpótí di ọjọ́ tí a ó nílò rẹ̀.

Ọjọ́ náà dé ní Túsídeè, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Àwọn méjèèjì ki orí bọ abẹ́ kúbùsù, mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n kàn ń kérora. Mo gbé ẹ̀rọ náà, mo tì í sí àárín wọn lábẹ́ kúbùsù. Mi ò tíì mu tíì dé ààbọ̀ ife tó fi ké. Igbe yẹn, ewúrẹ́ dáhùn láti inú ọgbà. Farzona fò dìde, ó fa àbúrò rẹ̀ lọ́rùn ẹ̀wù, ó di inú yìnyín. Mo kó bàtà wọn tẹ̀lé wọn, nítorí ọ̀lẹ tàbí aláápọn, ọmọ kì í fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí yìnyín. Mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀lẹ ti tán lónìí.

Nọ́ọ̀sì Sabohat tó ń gbé òdìkejì odò gbọ́ ariwo, ó sáré dé. Mo fi ìyangàn ṣàlàyé fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi gèlè bo imú, ó wọlé, ó fa aṣọ fèrèsé mi ya, ó fa ẹ̀wù bàbá rẹ yọ, ó gbé ẹyinná síta. Ó kó àwọn ọmọ lọ sílé rẹ̀, ó wo ẹyinjú wọn, ó di ọwọ́ wọn mú. Lẹ́yìn náà ló wá ní Màmá, ta ló ní kí ẹ dí ihò afẹ́fẹ́? Mo ní ìwọ Zulaykho ni. Ó ní èédú tí kò tíì jóná tán ń tú èéfín tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́, pé èéfín yẹn gan-an ni ẹ̀rọ náà gbọ́ tó fi ké, pé orí fífọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ, pé ká ní wọ́n sùn títí di ìrọ̀lẹ́ ni, òun kò ní í jókòó máa bá mi sọ̀rọ̀ báyìí. Mo bi í pé ṣé ó ń bú mi ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì Shodmon béèrè búrẹ́dì, ó jẹ ẹ́ tán, ó wá ròyìn fún un pé mo máa ń fọ eyín àtọwọ́dá mi nínú ife tíì. Nọ́ọ̀sì ní òfófó ti dé, ara ti yá nìyẹn. Zulaykho, mo jókòó sílẹ̀ nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, ìta ni èédú ti ń jó títí yóò fi pọ́n délẹ̀délẹ̀, tí kò ní sí dúdú kankan lára rẹ̀, kó tó wọlé. Ihò bàbá rẹ ti là. Orí gbogbo wa wà lóde kúbùsù, fìlà onírun wà lórí, ìbọ̀sẹ̀ méjì méjì wà lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yìn ń tutù díẹ̀, ẹsẹ̀ ń gbóná. Ẹ̀rọ rẹ wà lára ògiri, mo sì ń kí i láàárọ̀. Fi bátìrì ránṣẹ́ sí i, kí ebi má pa á. Fi owó páìpù èéfín ti ilé ìdáná náà kún un, èyí tó wà níbẹ̀ ti jó lu. Bí o bá sì fẹ́ wá kó àwọn ọmọ rẹ lẹ́yìn ohun tí o kà yìí, mi ò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wá wò wọ́n.

Mo ti pe àwọn méjèèjì, mo sọ fún wọn pé wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Farzona ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó wá ku ẹnì kan. Nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní ìgbà òtútù tó le yẹn, ìwọ náà máa ń sùn sórí ìwé nídìí tábìlì kan náà, o máa ń ní orí ń fọ́ ọ, mo sì ń fi igi ìgbálẹ̀ jí ọ. Ọ̀lẹ ni mò ń pè ọ́ títí o fi lọ sílé ọkọ. Mo gba ọ̀rọ̀ náà padà.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ibi tí o ń sùn gbóná, kí afẹ́fẹ́ sì rí ọ̀nà wọ ibẹ̀. Àtàǹpàkò mi nìyí nísàlẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí o má baà rò pé Tíṣà ló fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn kún un.

Èmi ni ìyá rẹ,
Oysha