Bàbá, Mo Sẹ́ Yín Lójú Yín

Bàbá mi, mo sáré jáde kí ẹ tó jí, torí n kò lè wojú yín. Oúnjẹ wà nínú ìkòkò kékeré. Ẹ gbé e kaná kí ẹ tó jẹ ẹ́.

Lọ́sàn-án àná, nígbà tí ẹ tẹ dùùrù tán ní kàtídírà, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín bọ̀ wá bá èmi àti àwọn ará ibi iṣẹ́ mi, bàtà yín tó ti ya ni mo ń wò. Ọ̀gá mi ní, "Ṣé o mọ bàbá yìí ni?" Mo ní rárá. Ẹ gbọ́. Ẹ kàn kí gbogbo wa, ẹ yà lọ. Nígbà tí mo délé, ẹ ṣì bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mo ti pe ọ̀gá mi láàárọ̀ yìí, mo jẹ́wọ́. Ó ní, "Èmi kọ́ ló yẹ kí o bẹ̀." Ẹ dákun, Bàbá, ẹ forí jì mí. Tí ẹ bá ń tẹ dùùrù lọ́sàn-án òní, màá wà ní ìjókòó iwájú. Bí ẹ kò bá wo apá ọ̀dọ̀ mi, mi ò ní bínú.