Àmì Pupa Lára Àwòrán Tí N Kò Tà

Èmi, Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Mákánjúọlá, ọmọ bíbí ìlú Iléṣà, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tẹ́lẹ̀ rí, tí mo ń gbé ní Ègbẹ́dá ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó, tí mo sì ni Ilé Ọnà Mákánjúọlá níbẹ̀, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ọdún 1994. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mí. Orí mi pé, ojú mi sì ríran dáadáa bí mo bá ti fi awò sí i. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi kọ ohun tí mo kọ. Kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó lè fi ipá mú mi nínú ilé yìí, èmi àti tòlótòló kan ni a jọ ń gbé.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yìí ni àwọn dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Wọ́n ní kí n má fòyà. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti fi ń ta àwòrán àti ère, mo mọ ohùn ẹni tí ó ń polówó ọjà tí kò dá òun fúnra rẹ̀ lójú. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti há ohun tí mo ní nígbà tí ọwọ́ mi ṣì dúró.

Ìpín kìn-ín-ní. Àwọn tí yóò mú ìwé yìí ṣẹ ni Gbóyèga, lọ́yà tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé ìtajà oògùn ní òpópónà wa, àti Yẹ́misí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ti dolóògbé. Kí Gbóyèga máa ka ìwé. Kí Yẹ́misí máa sunkún, bí ẹkún bá wá sí i lójú. N kò fi dandan lé e.

Ìpín kejì. Ilé mi ní Ègbẹ́dá, yàrá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn àti gbọ̀ngàn ńlá tó wà níwájú, mo há a fún Yẹ́misí. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má tà á kí ọdún kan tó pé.

Nígbà tí Yẹ́misí wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi. Kò gbà láti dá gba inú gbọ̀ngàn kọjá, nítorí àwọn ère. Ó bi mí léèrè pé, “Àǹtí, àwọn èèyàn yín yìí, ṣé wọn kì í jókòó ni?” Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé òótọ́ ni ọmọ náà sọ, àwọn ni èèyàn mi. Ọdún Kérésìmesì nìkan ni Yẹ́misí ń wá láti Ìlọrin báyìí, a sì máa tètè lọ. N kò bá a jà. Ilé tí èèyàn pọ̀ sí ni ọmọdé ń fẹ́ràn.

Ìpín kẹta. Àwòrán mọ́kànlélógójì àti ère mẹ́tàdínlógún ló wà fún títà nínú gbọ̀ngàn. Èyí tí ẹni tó ṣe é bá ṣì wà láàyè, kí ẹ dá a padà fún un, orúkọ wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jẹ́ tèmi, kí Yẹ́misí tà á fún ẹni tó bá dúró wò ó pẹ́, kì í ṣe fún ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè iye. Àwòrán aláwọ̀ aró tí mo pè ní “Òjò Ìyànà Ìpájà” ni wọ́n fi ń yọ mí lẹ́nu jù. Gbogbo àlejò ní í máa wí pé, “Màdáàmù, níbo ni òjò ọ̀hún wà?” Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró díẹ̀, yóò rọ̀. Kò sẹ́ni tó dúró.

Ṣùgbọ́n ère ọkùnrin onírin, èyí tí wọ́n jó sàlẹ́ńsà ọkọ̀ pọ̀ ṣe, mo há a fún àbúrò mi Olúgbénga. Ní ọdún 1980 tí mo fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, Olúgbénga dìde níwájú ẹbí, ó ní, “Ta ló fẹ́ wá ra àwòrán ní Ègbẹ́dá? Ẹni tó ń wá ilé tó máa háyà àbí?” Ọdún mẹ́ta ni n kò fi bá a sọ̀rọ̀. Kí n tó kú, mo jẹ́wọ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre. Ọjọ́ mìíràn wà tí ẹni kan ṣoṣo tó wọlé kò wá ju pé kó béèrè ọ̀nà Igando lọ. Síbẹ̀, Olúgbénga kò tẹ ẹsẹ̀ sí gbọ̀ngàn mi rí títí di òní, ìyẹn ló dùn mí ju ọ̀rọ̀ tó sọ lọ. Ère náà wúwo púpọ̀. Kí ẹ má bá a gbé e lọ sílé. Kí ó wá gbé e fúnra rẹ̀, kí ó lè rí ibi tí mo lo ayé mi sí.

Ìpín kẹrin. Gbogbo irinṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé, ayùn mẹ́rin, àwọn òòlù, ohun tí a fi ń gé gíláàsì àti igi férémù tí a kò tíì lò, mo há wọn fún Múdàṣírù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó ti ń kan férémù fún mi láti ọjọ́ tí mo ti ṣílẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa pọ̀, ṣùgbọ́n igun férémù rẹ̀ kì í là.

N kò lè dárúkọ Múdàṣírù kí n má rántí àmì pupa. Àṣà àwọn gálárì ni pé bí a bá ti ta àwòrán kan, a ó lẹ bébà pupa kékeré roboto sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lára ògiri. Àwòrán náà lè ṣì wà níbẹ̀ títí ẹni tó rà á yóò fi wá gbé e, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá rí àmì náà mọ̀ pé ó ti lọ. Èmi ni mo mú àṣà yìí wá sí Ègbẹ́dá. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lẹ ẹ́, Múdàṣírù sáré bá mi lẹ́yìnkùlé. “Màdáàmù, wọ́n ti fi pupa sí ògiri wa o! Ṣé wọ́n fẹ́ wó o ni?” Ní tiwa níbí, ilé tí wọ́n bá fẹ́ wó ni wọ́n ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ǹ bá mọ ohun tí bébà náà yóò wó fún mi, ǹ bá má rẹ́rìn-ín.

Ìpín karùn-ún. Tòlótòló mi, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Máníjà, mo há a fún Mọ̀dínátù, aránṣọ tí ọgbà wa jọ pààlà. Máníjà ti lé oníbàárà tó pọ̀ ju èyí tí mo pè wọlé lọ, ṣùgbọ́n òun ló ń dáhùn bí mo bá sọ̀rọ̀ nínú ilé. Mọ̀dínátù, mo mọ̀ pé Iléyá a máa dé lọ́dọọdún. Àgbò ni wọ́n ń pa ní Iléyá. Ẹ jọ̀wọ́.

Ìpín kẹfà. Gbèsè. Kò sí ẹni tí mo jẹ lówó. Àlàyé kan ṣoṣo ni mo jẹ láyé, Jàfárù Àkàngbé, ayàwòrán, tó ń gbé ní Ìkòtún, ni mo sì jẹ ẹ́. Mo há àwòrán tó wà lára ògiri òsì, èyí tí àmì pupa wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, fún un. Kí ẹ gbé e lọ fún un, kí ẹ sì ka ohun tó tẹ̀lé e yìí sí i létí.

Ọmọ àlùfáà onímọ̀ kéwú ni Jàfárù, láti Ìsẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ya ojú ẹ̀dá alààyè. Jàfárù kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì rú òfin bàbá rẹ̀: ẹ̀yìn ni ó ń yà. Obìnrin tó ń lọ sódò, ọkùnrin lórí kẹ̀kẹ́, ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ, gbogbo wọn ló kọ ẹ̀yìn sí wa. Ní ọdún 1982, ó ya ojú kan ṣoṣo. Ojú mi ni. Ó gbé e wá ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ní kì í ṣe ọjà. Ó ní òun ń lọ sí Ìlọrin láti ya àwòrán sí ògiri ilé ẹ̀kọ́ kan, pé bí òun bá dé, òun yóò kó àwọn ẹbí òun wá bá àwọn ẹbí mi. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni mí nígbà náà, mo ti rò pé ìyẹn ti kọjá mi. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi.

Mo gbé àwòrán náà kọ́ síbi tí mo ti lè rí i láti ìdí tábìlì mi. Ọkùnrin ilé iṣẹ́ epo kan rí i, ó fẹ́ rà á. Mo ní kì í ṣe títà. Ó padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì ń fi owó kún owó. Nígbà tí ó sú mi, mo lẹ àmì pupa sí i, kí àwọn èèyàn lè rò pé a ti tà á, kí wọ́n fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Wọ́n sì fi mí sílẹ̀.

Jàfárù dé ní oṣù kẹwàá ọdún 1983. Mo ti lọ ra ìṣó ní Ìyànà Ìpájà. Múdàṣírù ní ẹ̀rín ló bá wọlé, ó gbé àpò obì lọ́wọ́. Ó wo ògiri òsì, ẹ̀rín náà sì tán. Ó ní, “Bá mi kí màdáàmù. Sọ fún wọn pé ẹni tó bá lè ta èyí, kò sóhun tí kò lè tà.” Ó gbé obì rẹ̀, ó lọ. Àlejò tí kò mọ iṣẹ́ wa ì bá béèrè ohun tí bébà pupa ń ṣe lára ògiri. Jàfárù mọ̀ ọ́n dáadáa, òun náà ti bá mi lẹ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, kò béèrè.

Ó yẹ kí n wọ mọ́tò lọ sí Ìkòtún lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. N kò lọ. Inú bí mi pé ó lè gbà á gbọ́ nípa mi. Mo ní kí ó wá béèrè. Mo kìlọ̀ fún Múdàṣírù pé kò gbọdọ̀ la ọ̀rọ̀ náà yé e. Ọ̀sẹ̀ di oṣù, oṣù di ọdún, Jàfárù fẹ́ Àdíját. Ìbínú mi ti kú tipẹ́, ìtìjú ló gba ipò rẹ̀. Nígbà tí Àdíját kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo wọ aṣọ dúdú mi láti lọ bá a kẹ́dùn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo wo ojú mi lára ògiri, mo bọ́ aṣọ náà. Ibùdókọ̀ mélòó kan péré ló wà láàrin wa. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó.

Jàfárù, n kò tà á. Nígbà tí o bá ń gbọ́ èyí, n kò ní sí níbẹ̀ láti rí ojú rẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́. Mo fẹ́ràn rẹ, mo sì fi ìgbéraga ba ọ̀rọ̀ wa jẹ́. Máa bínú sí mi díẹ̀, kí o sì gba àwòrán rẹ.

Ìpín keje. Kí ẹ má pa màlúù nítorí mi. Ní ọjọ́ ìsìnkú, kí ẹ ṣí gbọ̀ngàn sílẹ̀, kí ẹ tan gbogbo iná. Ẹni tí kò wá wo àwòrán yóò wá wo òkú, kí ó fi ojú kan náà wo méjèèjì.

Ìpín kẹjọ. Nípa ẹlẹ́rìí. Gbóyèga sọ fún mi pé ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé yìí, àti pé ẹni tí a bá há nǹkan fún nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lára wọn. Bí ó bá fọwọ́ sí i, ogún rẹ̀ nù. Kátíkísì Ọláyẹmí ti ìjọ wa ti ṣe tán. Ẹnì kejì ni kò sí. Gbóyèga kò fẹ́ fọwọ́ sí ìwé tí òun fúnra rẹ̀ yóò mú ṣẹ. Mo ka àwọn tí mo lè rán níṣẹ́ láyé: Yẹ́misí, Olúgbénga, Múdàṣírù, Mọ̀dínátù. Mo ti há nǹkan fún gbogbo wọn. Gbóyèga ní, “Mà, ṣé kò sí ẹlòmíì? Ọ̀rẹ́ yín kan ṣá?” Mo ní kí ó fún mi ní ọjọ́ díẹ̀. Mo mọ orúkọ gbogbo àwọn tó dúró nínú gbọ̀ngàn mi, ṣùgbọ́n wọn kò lè mú bírò.

Àtúnṣe sí ìpín kẹfà, tí a kọ ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án, kí a tó fọwọ́ sí ìwé yìí.

Mo lọ sí Ìkòtún ní ọjọ́ Sátidé. Mo bá Jàfárù níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń kun pátákó onígbàjámọ̀ kan. Irun rẹ̀ ti funfun. N kò sọ ju pé mo fẹ́ kọ ìwé ìhágún, n kò sì ní ẹlẹ́rìí. Ó wò mí pẹ́, ó ti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bọ inú kẹrosíìnì, ó béèrè ọjọ́.

Ó dé lónìí lẹ́yìn ìrun Àsárì. Máníjà lé e dé ẹnu ọ̀nà. Kí ó tó jókòó ló ti rí ògiri òsì, kò sì lè jókòó mọ́. Gbóyèga ní ẹlẹ́rìí kò nílò láti ka ohun tó wà nínú ìwé. Mo gbé ìpín kẹfà lé e lọ́wọ́, ó kà á lórí ìdúró. Ó ní n kò sọ. Mo ní kò béèrè. Ó lọ sídìí ògiri, ó fi èékánná ṣí bébà pupa náà. Ó ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ jù, díẹ̀ nínú ọ̀dà ògiri bá a jáde.

Nítorí náà, mo wọ́gi lé ohun tí mo há nínú ìpín kẹfà. Mo ti fi àwòrán náà lé Jàfárù lọ́wọ́ lónìí, lójú ayé mi, níwájú Gbóyèga àti kátíkísì. Kò sí lára ohun ìní mi mọ́. Ó ní kí ó ṣì wà níbi tó wà, kí n máa bá òun tọ́jú rẹ̀, òun yóò wá gbé e nígbà tí mo bá ti ilé ìwòsàn dé. Gbogbo ìyókù ìwé yìí dúró bí mo ti kọ ọ́.

Mo fọwọ́ sí i ní Ègbẹ́dá, ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án ọdún 1994.

Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Mákánjúọlá

Àwọn tí ó wà níbẹ̀ pa pọ̀, tí wọ́n rí i bí ó ti ń fọwọ́ sí i:

Ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní: Ọláyẹmí Fálétí, kátíkísì, Ègbẹ́dá.

Ẹlẹ́rìí kejì: Jàfárù Àkàngbé, ayàwòrán, Ìkòtún. A kò há ohunkóhun fún un nínú ìwé yìí.