Mọ́tò Aṣọ Tí Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Ṣe

Sí Ọlọ́wọ́-òsì, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ṣé o jí dáadáa, ṣé ara le, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé lójúlé kan ò yọ ọ́ lẹ́nu? Mo ní kí n yára kí ọ tán, torí bí mo bá fi ohun tó wà nínú mi bẹ̀rẹ̀, ìwé yìí á jóná kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Olúwa á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ lójú ọ̀nà, ibi tí wọ́n bá ti ń pe àwọn ẹni rere, wọn ò ní fo orúkọ rẹ. Àmín. Àdúrà parí, ó ku ìbínú.

O bẹ̀ mí lórí fóònù lánàá pé kí n má bínú mọ́. Èmi gbọ́, ṣùgbọ́n ìbínú náà ò tíì gbọ́. Fóònù tíṣà, aládùúgbò wa, la sì fi sọ̀rọ̀, iná inú rẹ̀ tán níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí jù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o lè mọ̀ pé inú yìí, ojoojúmọ́ ló ń bí mi láti ọjọ́ Ajé, kò sinmi rárá.

Ìyá rẹ wà dáadáa. Orúnkún ṣì ń dùn ún bó bá ti fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ pẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn ún rárá, bí wàá ṣe gbọ́ níwájú. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ń jò, mo ti fi páànù dí i. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, ọ̀kan ò fẹ́ mu ọmú. Èmi náà wà, mo ṣì ń rọ ọkọ́, mo ṣì ń rọ àdá. Ìròyìn ilé tán, ó ku tìẹ.

Lọ́jọ́ Ajé, ọkùnrin kan gun alùpùpù wá, ó ní òun mú ẹrù wá láti ọ̀dọ̀ rẹ. Ó na dígí pẹlẹbẹ kan sí mi pé kí n fi ìka buwọ́ lù ú. Mo ní kó fún mi ní bírò, ó ní ìka ni. Mo wá fi ìka tó ti ń di ẹ̀mú mú láti ogójì ọdún kọ orúkọ mi sórí dígí, ohun tó jáde dà bí ibi tí adìẹ ti ń tan ilẹ̀. Ó ní ó ti dáa. Mo ní kò dáa, kó jẹ́ kí n tún un kọ, ó ti ṣáná sí alùpùpù. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fi nǹkan náà hàn ọ́ lọ́hùn-ún pé bàbá rẹ ò mọ̀wé, dígí ni kò mọ̀wé, èmi mọ̀ ọ́n.

Mo tú ẹrù, mo bá lẹ́tà rẹ àti nǹkan dúdú kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara mọ́tò yín nìyẹn. O ní ọdún mẹ́rin lẹ fi ṣe é, pé kò sí irin nínú egungun rẹ̀, òwú dúdú tí wọ́n ń pè ní kábọ́nù lẹ hun bí aṣọ, ẹ fi gọ́ọ̀mù rin ín, ẹ tò ó léra ní ìpele ìpele, ẹ wá kó o sínú ààrò tó tóbi bí ilé, ẹ yan án títí ó fi le. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún ibẹ̀ kà. Ahunṣọ wà níbẹ̀, onígọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, oníbúrẹ́dì wà níbẹ̀. Ẹnjiníà tí mo ta ilẹ̀ etí odò nítorí rẹ̀, mi ò rí i.

O wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ẹ yọ kúrò lára mọ́tò fún mi, o ń fi yangàn. Ẹ yọ rédíò. Ẹ yọ ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ yọ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ yọ táyà àpamọ́. Ẹ yọ irin tí a fi ń ṣílẹ̀kùn, ẹ so okùn síbẹ̀. Àwọn bóòtù tó so ara rẹ̀ pọ̀, ẹ gbẹ́ inú wọn kí wọ́n lè dòfìfo. O ní ìwọ fúnra rẹ fi oṣù mẹ́ta yọ ìwúwo ọsàn kan kúrò lára dígí ẹ̀gbẹ́. Ọmọ mi, ẹni tó bá tú mọ́tò bẹ́ẹ̀ níbí, ẹjọ́ ló máa rò. Mo bi tíṣà pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún kílò tí o kọ pé ó kù lára mọ́tò yẹn tó kí ni, ó ní ó tó màlúù méjì tó yó. Mo tún bi í pé agbára ẹṣin ẹgbẹ̀rin ńkọ́, ó ní bó ṣe rí náà nìyẹn, ẹṣin ẹgbẹ̀rin. Mi ò sùn dáadáa. Kí ni màlúù méjì fẹ́ fi ẹgbẹ̀rin ẹṣin ṣe?

Èyí tó wá mú mi fi ìwé náà lélẹ̀ ni ti ìyẹ́ ẹ̀yìn. O ní mọ́tò náà fúyẹ́ débi pé bó bá ń sáré, ó lè fẹ́ gbéra nílẹ̀, ẹ wá ṣe ìyẹ́ sí i lẹ́yìn kí atẹ́gùn lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹ fi ọdún mẹ́rin yọ ìwúwo kúrò, ẹ wá ń wá ohun tí yóò wúwo lé e lórí. Ẹ ò bá ti fi kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

Èyí tí mo sọ tán yìí, ìbínú kékeré ni. Ìbínú ńlá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Tíṣà mú fóònù rẹ̀ wá pé ọmọ wa ti wà nínú rẹ̀, èmi àti ìyá rẹ jókòó, a tẹjú mọ́ ọn. O dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, o wọ ẹ̀wù funfun, mo rí i pé o ti rù. Oníròyìn kan bi ọ́ pé níbo lo ti kọ́ bí a ṣe ń to aṣọ kábọ́nù léra. O ní ọ̀dọ̀ ìyá rẹ ni, pé aránṣọ ni, òun ló kọ́ ọ bí a ṣe ń gé aṣọ ní ìdábùú kó má bàa fà. Ó dáa, òtítọ́ ni. Ó wá bi ọ́ pé bàbá rẹ ńkọ́. O rẹ́rìn-ín. O ní alágbẹ̀dẹ ni, pé irin ti wúwo jù fún ọ láti kékeré, o sá fún un ni. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé mo wà níbẹ̀.

Ìyá rẹ gbé nǹkan dúdú yẹn sójú fèrèsé, ó ń fi èékánná tọ ojú híhun rẹ̀, ó ní ẹni tó ṣe èyí mọ aṣọ, pé òun ni o jọ. Mo ní òótọ́ kúkú ni, owú inú àgbẹ̀dẹ ló tọ́ ọ dàgbà, òwú lo lọ ń sìn. Ó dá mi lóhùn pé owú tí mo ń lù kọ́ ni mò ń sọ, owú tí mò ń jẹ ni. Mo dìde lọ síbi iṣẹ́ mi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, mo gbọ́ tí ìyá rẹ ní kí tíṣà tún un fi hàn òun.

Nígbà tí mo padà wọlé, òmíràn ni wọ́n ń wò. Wọ́n fi mọ́tò yín kọ lu ògiri. Àwọn ènìyàn wà nínú rẹ̀, ọkùnrin méjì. Mo rí wọn. Wọn ò pariwo, wọn ò gbọ́wọ́ bojú, orí wọn lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn, wọ́n dákẹ́. Ẹnìkan ò sáré lọ gbé wọn. Àwọn ọ̀gá yín ń pàtẹ́wọ́, ìwọ tí mo bí náà ń pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́rú, mo wọ aṣọ tó dáa, mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tó wà lórí tábìlì fún mi ní fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti bèèrè orúkọ ẹni tó fara pa, mo kọ ọ́ pé àwọn méjì tí kì í ṣẹ́jú. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ohun tí mo jẹ́ sí ọ̀ràn náà, mo ronú pẹ́, mo wá kọ ọ́ pé bàbá ẹni tó ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá wọn jáde, ó wò ó lórí fóònù tirẹ̀, ó ní bàbá, ère ni, kì í ṣe ènìyàn. Mo ní kí ló dé tí ère fi wọ bàtà? Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi oògùn yẹ́lò kùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí bí kì í bá ṣe pé orí ń fọ́ ọ? Ó ní òdà ni. Ó mú omi wá fún mi, ó jókòó tì mí, ó ní ère ló máa ń kọ́kọ́ jókòó, lẹ́yìn rẹ̀ ni ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ilé. Mo lọ mú lẹ́tà rẹ, mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí mo ti fi ìbínú fò. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ti wa mọ́tò náà lórí ọ̀nà gbágungbàgun fún oṣù méjì, òkúta ń ta sí i nísàlẹ̀, ẹ wò ó, kò sí àpá kankan. O ní torí pé ìwọ lo ṣe ilẹ̀ mọ́tò náà, ìwọ ni wàá jókòó ti awakọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ dé òpin eré rẹ̀. O kọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n fún ọ ní ẹ̀bùn.

Mo ní màá fọ́ nǹkan dúdú yẹn kí o lè rí ohun tí o fẹ́ jókòó lé. Lọ́jọ́bọ̀, mo gbé e ka òkúta méjì, mo fi òòlù kékeré lù ú. Òòlù ta padà. Mo mú òòlù ńlá. Òun náà ta padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí níwájú orí. Mo lù ú títí apá fi ń ro mí, kò tẹ̀, kò là, kò ní àpá. Mi ò fẹ́ kọ èyí, ṣùgbọ́n irọ́ ò mọ́ mi lára. Ìyá rẹ yọjú lójú fèrèsé, ó wò mí, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ìyẹn ló dùn mí jù.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo mú un láti lọ jù ú sí àkìtàn. Èékánná mi kàn án, ó dún kọ́n. Mo tún kàn án níbòmíràn, ó dún bọ̀ọ̀. Mo dúró. Mo mú ìṣó, mo ń fi kàn án láti etí dé etí. Ẹ̀gbẹ́ tí mi ò lù ń kọrin. Ibi tí mo lù lọ́jọ́bọ̀ ti kú, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú rẹ̀ ń dán bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo fi ayùn rẹ́ ẹ sí méjì. Inú rẹ̀ ti là sí abala abala bí ìwé, a ò sì rí i lóde.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nípa irin tí o fi mí rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀ nìyí. Irin máa ń sọ fún ọ. Bó bá fẹ́ dá, á kọ́kọ́ tẹ̀, o máa rí i, o máa sá. Aṣọ yín yìí lágbára, mo gbà, ó lágbára ju irin mi lọ, ṣùgbọ́n ó ń pa àìsàn mọ́ra bí àgbàlagbà agbéraga, ọjọ́ tó bá máa sọ ọ́, ọjọ́ náà ni yóò kú.

Mo sáré lọ bá tíṣà, a pè ọ́. Mo ní kí o fi owó ẹyọ kan gbogbo ilẹ̀ mọ́tò náà, kí o sì gbọ́. O rẹ́rìn-ín, o ní ẹ̀rọ wà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo bi ọ́ pé ìgbà wo ni ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. O ní kí ẹ tó gbé e lọ sójú ọ̀nà gbágungbàgun. Mo bi ọ́ pé lẹ́yìn náà ńkọ́. O ní ẹ ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ tí o ti ń fi etí gbọ́ ọ láti kọ̀rọ̀ ilé, tí o ń sọ fún mi pé ọkọ́ tí mò ń lù ti sán, kí èmi tí mo dì í mú tó mọ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níyẹn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ní lọ kàn án.

Lánàá lo wá pè. O ní ó dún bọ̀ọ̀ níbì kan tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun, lábẹ́ ìjókòó òsì gan-an, níbi tí wàá jókòó sí. O ní àwọn ọ̀gá yín ti gbé ẹ̀rọ wá, ẹ̀rọ náà gbà pẹ̀lú rẹ, wọ́n ti sún ọjọ́ síwájú, ẹ máa yan ilẹ̀ tuntun. O ní kí n má bínú. Báwo ni mi ò ṣe ní bínú? Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù, ìwọ tí o ní etí yẹn, o ti pa á tì nítorí pé irin ló fún ọ. Mo bínú sí àwọn ọ̀gá yín, mo bínú sí ẹ̀rọ wọn, mo bínú sí ara mi pé ti ẹ̀rín yẹn ni mò ń rò ní gbogbo ìgbà tí ikú jókòó lábẹ́ rẹ. Láti àná, mo ti kó irinṣẹ́ mi sínú àpò.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ènìyàn méjì ni, torí ìyá rẹ ní òun gbọ́dọ̀ fi ojú òun wo híhun náà, ó dá a lójú pé ẹnìkan ń gé e lódì. Fi díẹ̀ lé e, awakọ̀ á gba owó ẹrù lórí àwọn irinṣẹ́ mi. Má fi í ránṣẹ́ gba inú fóònù, mi ò mọ ẹnu tó ń gbà jáde, fún ẹni tó ń bọ̀ wálé. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé ilẹ̀ tuntun yẹn kí n tó kàn án.

Olódùmarè tó la etí fún ọ kò ní dí i. Ohun tó bá fẹ́ pa ọ́ á máa pariwo kó tó dé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á ru ọ́ dé ibi tí o ń lọ, á sì gbé ọ padà wá bá wa.

Mi ò tíì dárí jì ọ́. Máa jẹun dáadáa, o ti rù jù.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.